Láti Ọ̀nínì Dé Ṣílè: Ẹranko Mẹ́jọ fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ sí Kó Owó Àtijọ́ Jọ

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ràn owó onírin tó ní àwòrán ẹranko máa ń fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: kìnnìún, erin, òwìwí, ẹja. Bẹ́ẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí orílẹ̀-èdè tí kò ní tirẹ̀. Owó á tán lápò, àkójọ ò sì ní nítumọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n wá ọ̀wọ́ kan tí kò pọ̀, kí wọ́n kó o pé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ireland, tó jáde ní 1928.

Àwọn àgbà wa tó ná owó ayé òyìnbó á dá orúkọ wọn mọ̀, nítorí ìṣirò kan náà ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Ẹyẹ igbó kan tí àgógó rẹ̀ gùn ló wà lára ọ̀nínì (mẹ́rin nínú tiwọn ló jẹ́ kọ́bọ̀ kan), abo ẹlẹ́dẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà lára éépìnnì, àgbébọ̀ àtàwọn òròmọdìẹ wà lára kọ́bọ̀. Ehoro ló ni tọ́rọ́, ajá ọdẹ gíga tí wọ́n fi ń lé ìkookò ló ni sísì, akọ màlúù ló ni ṣílè. Ẹja sámọ́nì wà lára ṣílè méjì, ẹṣin sì wà lára ṣílè méjì àtààbọ̀. Lójú kejì gbogbo wọn, dùùrù ni, irú èyí tí Bíbélì ní Dáfídì ń ta.

Ìgbìmọ̀ tí akéwì W. B. Yeats ṣe alága rẹ̀ ló ṣètò iṣẹ́ yìí, Percy Metcalfe, ará England, ló sì ya àwọn ẹranko náà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹran sísìn ló ń bọ́ ìlú wọn nígbà yẹn. Inú bí àwọn kan pé kò sí àmì ẹ̀sìn kankan lára owó náà. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn níléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ní tiwọn ní kí Metcalfe tún ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ yà, torí pé ìrísí rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fẹ́ kí àgbẹ̀ máa sìn. Mo gba ti owó tí wọ́n fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò kó tó jáde.

Tí owó náà bá dọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Saorstát Éireann, orúkọ tí orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́ nígbà yẹn lédè wọn, ni wọ́n kọ sára èyí tó jáde láti 1928 sí 1937. Láti 1939, Éire ni. Lẹ́yìn náà ẹ wo irin rẹ̀. Ṣílè, ṣílè méjì àti ṣílè méjì àtààbọ̀ tí ọdún wọn ṣáájú 1944 ní fàdákà, ìdá 75 nínú 100. Nígbà tí wọ́n tún padà ṣe wọ́n ní 1951, bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́lì ni wọ́n lò. Tọ́rọ́ àti sísì kò ní fàdákà rí. Èyí tí wọ́n ṣe títí di 1940 jẹ́ níkẹ́lì gidi, òòfà á fà á. Láti 1942, òòfà ò ní fà á mọ́. Tí wọ́n bá ń ta sísì 1935 fún yín, tí òòfà ò fà á, ẹ má san kọ́bọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ṣílè méjì àti ṣílè méjì àtààbọ̀ ti 1943. Wọ́n ṣọ̀wọ́n gan-an, owó gọbọi ni wọ́n sì ń tà wọ́n. Ẹ má rà wọ́n láìsí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù ò wọ́n. Ibi tó yọ sókè jù lára àwòrán ló máa ń kọ́kọ́ jẹ: ìyẹ́ àgbébọ̀, èjìká ẹṣin. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò kí ẹ tó dúnàá dúrà.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni owó tí wọ́n ti fọ̀. Ọmọ Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idẹ títí á fi máa kọ mànà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò lára owó àtijọ́. Àwọ̀ ṣíṣú tó bò ó ń dáàbò bo irin abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ti bó o kúrò, ojú owó á ní àpá, ẹni tó bá sì gbé awò sí i á rí i lójú ẹsẹ̀. Kò sí àtúnṣe fún un. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa fi ọwọ́ mú. Ẹ má sì kó o sínú ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn, nítorí ó máa ń mú kí ara owó hu àwọ̀ ewé.

Ẹni tó wà ní Kútọnu tàbí Lómé ò tilẹ̀ nílò àtiránṣẹ́ sókè òkun kó tó bẹ̀rẹ̀. Lára owó onírin 5 franc tí wọ́n ń ná níbẹ̀, orí egbin wà lójú kan. Lójú kejì, ẹja tí imú rẹ̀ dà bí ayùn ló wà níbẹ̀, àwòrán tí wọ́n mú láti ara òṣùwọ̀n onídẹ tí àwọn Akan fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́. Ọdún tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀. Ẹ máa ṣa ọdún kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú ṣéńjì ọjà, kí ẹ sì mú èyí tí ìwo egbin rẹ̀ ṣì hàn kedere.