Ìṣẹ́jú 110: Bí Iṣẹ́ Àwọn Amòye Àyẹ̀wò PET Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1976, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé oògùn kan láti Brookhaven ní ìpínlẹ̀ New York lọ sí Philadelphia. Oògùn náà kò ṣeé fi pamọ́ di ọ̀la, torí ní ìṣẹ́jú 110 kọ̀ọ̀kan, ìdajì agbára rẹ̀ á ti lọ. Tatsuo Ido, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jàpáàn, ló pò ó pẹ̀lú Alfred Wolf àti Joanna Fowler. Ní Yunifásítì Pennsylvania, dókítà Abass Alavi gún un fún èèyàn méjì tí ara wọn le, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. FDG ni orúkọ oògùn yẹn, ṣúgà tó ń tú ìtànṣán jáde ni. Òun náà sì ni ilé àyẹ̀wò PET (àyẹ̀wò tí wọ́n ń gún irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, kí ẹ̀rọ lè ya àwòrán ibi tó lọ nínú ara) ń lò jù lọ títí dòní. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ya ọpọlọ wọn kì í tilẹ̀ ṣe PET; Mark IV ni, ẹ̀rọ àtijọ́ tí David Kuhl ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àyẹ̀wò kan ṣoṣo fi ń gba onímọ̀ físíìsì, apòògùn, ẹnjiníà, rédíógíráfà àti dókítà, ìṣẹ́jú 110 yẹn ni kó máa wò. Kò sí ẹni tó lè dá a ṣe kí àkókò tó lọ.

Àwọn onímọ̀ físíìsì ló kọ́kọ́ dé, wọn ò sì ní aláìsàn kankan lọ́kàn. Carl Anderson rí positron ní 1932: ó jọ ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tán, àfi pé iná ti ọ̀kan jẹ́ òdì sí ti èkejì. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, ìtànṣán gámà méjì á fò jáde, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, lórí ìlà kan náà, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì jẹ́ 511 keV (keV ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtànṣán). Ibẹ̀ ni ọgbọ́n PET wà. Bí kírísítálì méjì tó dojú kọra bá rí ìtànṣán lẹ́ẹ̀kan náà, a jẹ́ pé orí ìlà tó so wọ́n pọ̀ ni oògùn náà wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Gordon Brownell, onímọ̀ físíìsì, àti William Sweet, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ, gbé irú kírísítálì bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì ní Massachusetts General Hospital láti wá kókó inú ọpọlọ. Àjọṣe onífísíìsì àti dókítà kò tíì kúrò nínú iṣẹ́ yìí láti ìgbà náà. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Michel Ter-Pogossian, Michael Phelps àti Edward Hoffman to kírísítálì yí ara ká ní St. Louis, kọ̀ǹpútà sì ń kó àwọn ìlà náà jọ di àwòrán.

Ẹ̀rọ wà, kí ni wọ́n máa gún? Otto Warburg ti sọ láti àwọn ọdún 1920 pé jẹjẹrẹ ń jẹ ṣúgà ju ẹran ara tó kù lọ. Louis Sokoloff ti lo ṣúgà kan tí wọ́n yí padà lára eku: sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì, á bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kò ní lè parí rẹ̀, ó há síbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtànṣán carbon-14 tí Sokoloff lò kò lágbára tó láti jáde kúrò nínú agbárí èèyàn. Fluorine-18, tó ń tú positron jáde, tó sì ń dín sí ìdajì ní ìṣẹ́jú 110, ni wọ́n wá so mọ́ ọn; òun ló di FDG. Ọ̀nà tí Ido gbà pò ó kò mú oògùn tó pọ̀ jáde. Ní 1986, Kurt Hamacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jülich, ní Jámánì, rí ọ̀nà tó ń mú ju ìdajì fluorine náà wọ inú oògùn. Lójú tiwa, ọdún yẹn gan-an ni PET di iṣẹ́ ilé ìwòsàn.

Lóru ni iṣẹ́ ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà á tan cyclotron, ẹ̀rọ tó ń mú kí proton (ègé kékeré inú átọ́mù) sáré gan-an, á fi proton náà lu omi díẹ̀ tí oxygen-18 kún inú rẹ̀ fún bíi wákàtí kan sí méjì, kí oxygen náà lè di fluorine-18. Iná mànàmáná tó bá já láàárín kan ti ba iṣẹ́ ọjọ́ yẹn jẹ́ nìyẹn, jẹnẹrétọ̀ tó dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kò sì ní dá àkókò náà padà. Inú àpótí tí wọ́n fi òjé bò ni apòògùn ti ń po FDG. Kó tó jáde, á wò ó bóyá ó mọ́, bóyá ìkíkan rẹ̀ ṣe déédéé, bóyá májèlé kòkòrò wà nínú rẹ̀, bóyá asẹ́ tó gbà kọjá kò ya. Àyẹ̀wò bóyá kòkòrò lè hù nínú rẹ̀ ń gba ọjọ́ 14. Wọ́n á ti gún un tán kí èsì tó dé, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣọ́ asẹ́ yẹn bí ojú.

Onífísíìsì ló ń mú kí aago ẹ̀rọ tó ń wọn oògùn bá aago ẹ̀rọ ayàwòrán mu. Bí ìṣẹ́jú 10 péré bá wà láàárín wọn, iye tí kọ̀ǹpútà á gbé jáde á fi bíi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀, dókítà sì lè rò pé jẹjẹrẹ ti ń san nígbà tí kò san.

Ti aláìsàn náà wà níbẹ̀. Ní Èkìtì, ìlú oníyán, ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá a sọ: kò gbọdọ̀ jẹ iyán, ẹ̀bà tàbí ìrẹsì lálẹ́ tó ṣáájú, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ ni kó jẹ. Kó má jẹ nǹkan kan fún wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó gún un, omi lásán nìkan ni kó mu. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tó bá ju 200 mg/dL lọ, kó padà wá lọ́jọ́ míì. Bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá sì gba ínsúlíìnì láàárọ̀ ọjọ́ náà, iṣan ara ni ọ̀pọ̀ oògùn náà máa wọ̀. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n fún un ní aṣọ ìbora, torí òtútù ń mú ọ̀rá ọrùn jẹ ṣúgà, ó sì máa ń jọ kókó nínú àwòrán. Rédíógíráfà á gún nǹkan bí 370 MBq (MBq ni wọ́n fi ń wọn bí ìtànṣán oògùn ṣe pọ̀ tó), aláìsàn á dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 60 láìsọ̀rọ̀ (kó fi fóònù sílẹ̀ pẹ̀lú), á tọ̀ kó tó gun orí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ PET/CT (PET àti CT, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X ya àwòrán inú ara, tí wọ́n so pọ̀) tí David Townsend àti Ronald Nutt ṣe, tí wọ́n dán wò ní Pittsburgh ní 1998, fi ibi tí nǹkan tó ń tàn wà nínú ara hàn. Síbẹ̀, ikọ́ fée ń tàn bíi jẹjẹrẹ, ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ tuntun náà ń tàn. Nílẹ̀ tí ikọ́ fée ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, dókítà tí kò bá béèrè nípa ikọ́ máa ṣìnà.

Ká wá ní wọ́n ń po FDG ní Ìbàdàn, tí ọkọ̀ sì ń lo wákàtí mẹ́rin dé Adó-Èkìtì. Ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa kù. Láti rí 370 MBq fún ẹnì kan, nǹkan bí 1,700 MBq ni wọ́n gbọ́dọ̀ dì sínú òjé kí ọkọ̀ tó gbéra, bí táyà kò bá jò lọ́nà. Owó ẹ̀rọ ayàwòrán ni àwọn olóṣèlú máa ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ló le jù. Ìdí nìyẹn tí gallium-68, èròjà míì tó ń tú positron jáde, fi yẹ kí Adó tàbí Ìdó-Èkìtì kọ́kọ́ gbájú mọ́: inú àpótí germanium-68, tó ń yí padà di gallium díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n ti ń fà á, kò nílò cyclotron, àpótí náà sì ń ṣiṣẹ́ fún bí ọdún kan, nítorí ọjọ́ 271 ni germanium ń lò kó tó dín sí ìdajì. Ó wúlò fún jẹjẹrẹ próstéètì, tí FDG kì í sábà fi hàn dáadáa. Apòògùn á fà á láàárọ̀, á wò ó bóyá germanium kò jò mọ́ ọn. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, gallium inú àpótí náà á ti tún pọ̀ tó bí ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó lè gbà, wọ́n á sì lè fà á fún àwọn aláìsàn ọ̀sán.