Àtẹ Solunar

Àtẹ Solunar ni àtẹ ojoojúmọ́ tó ń sọ àwọn wákàtí tí wọ́n ní ẹja máa ń jẹun jù, láti inú ìṣirò ibi tí òṣùpá àti oòrùn bá wà lójú ọ̀run. Àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja fún ìgbádùn ló ń lò ó jù, pàápàá ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń jáde nínú ìwé ìròyìn ọdẹ àti kàlẹ́ńdà. Lónìí ó ti wọ aago ọwọ́ àti áàpù fóònù. Kò sí àríyànjiyàn pé òṣùpá ń kan ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ ẹja. Ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ kò nípọn ni pé ẹni tó bá tẹ̀ lé wákàtí inú àtẹ náà yóò pa ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀

John Alden Knight, ará Amẹ́ríkà, ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní 1926. Ó kó ohun 33 tó rò pé ó lè máa darí ìjẹun ẹja jọ, ó ń yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku mẹ́ta: oòrùn, òṣùpá, àti kíkún òun fífà omi òkun. Inú orúkọ oòrùn àti òṣùpá ní èdè Látìnì ni Solunar ti wá. Àtẹ àkọ́kọ́ jáde ní 1936.

Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn máa ń tọ́ka sí nǹkan bí 200 ìpẹja tó ta yọ tí Knight kó jọ, tí wọ́n ní ó lé ní 90 nínú 100 wọn tó bọ́ sí ìgbà òkùnkùn oṣù. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ ọjọ́ tí ọwọ́ ba ẹja. Kò sọ iye òru òkùnkùn tí àwọn apẹja jókòó sétí omi tí wọ́n sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Kíka àtẹ náà

Àkókò ńlá méjì ló wà lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń tó wákàtí 2: ìgbà tí òṣùpá bá ga jù lójú ọ̀run, àti ìgbà tó bá wà ní òdìkejì ayé, lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àkókò kékeré méjì, bíi wákàtí kan kan, ni ìgbà tí òṣùpá bá ń yọ àti ìgbà tó bá ń wọ̀. Nítorí pé ó ń gba òṣùpá ní nǹkan bí wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50 kó tó padà sí ibi tó wà lánàá, àkókò tó bọ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀ òní á bọ́ sí nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú 10 lọ́la.

Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́

Ibi tó yẹ kí ènìyàn ti fara balẹ̀ nìyí. Bí a bá pa àkókò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wákàtí 6 ni, ìdá kan nínú mẹ́rin ọjọ́. Bí òṣùpá kò bá tilẹ̀ ní agbára kankan, tí apẹja sì ju ìwọ̀ sómi tọ̀sán-tòru, ẹja kan nínú mẹ́rin á ṣì bọ́ sínú àtẹ náà.

Ìdí kejì tó fi yẹ ká fara balẹ̀ tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹja tó ń jẹ ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣọdẹ ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yí padà. Lọ́jọ́ òṣùpá àrànmọ́jú, bí oòrùn ti ń wọ̀ ni òṣùpá ń yọ. Bí oòrùn ti ń yọ ni òṣùpá ń wọ̀. Nígbà oṣù tuntun, àwọn méjèèjì jọ ń yọ, wọ́n jọ ń wọ̀. Nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ ìlàjì, àkókò ńlá ló máa ń bọ́ sí ìdájí àti ìrọ̀lẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, bíi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ẹja tí oòrùn mú wá á máa di èyí tí wọ́n kọ sí orúkọ òṣùpá.

Ìwádìí lórí muskellunge

Mark Vinson àti Ted Angradi tẹ ìwádìí kan jáde nínú PLOS ONE, ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní 2014, èyí tí kò ṣeé fò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ muskellunge 341,959 wò, ẹja ńlá inú omi aláìníyọ̀ Àríwá Amẹ́ríkà tó ń jẹ ẹja mìíràn. Wọ́n rí i pé wọ́n ń pa á púpọ̀ sí i nígbà òṣùpá àrànmọ́jú àti oṣù tuntun. Ní òru, ti àrànmọ́jú ló pọ̀ jù. Ó hàn síi lára ẹja tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà 102 lọ, láàárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ní àwọn ibi tó kọjá ìwọ̀n 48 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé.

Àmọ́ èrè náà kéré: ẹni tó bá ń lọ ní ọjọ́ tó dára jù nìkan á pa nǹkan bí 5 nínú 100 ju ẹni tó ń lọ ní ọjọ́ kọ́jọ́ lọ. Ẹni tó ń pa 20 á wá pa 21. Ní Adágún Vermilion ní Minnesota, iye apẹja tó ń jáde pàápàá ń tẹ̀ lé òṣùpá, bẹ́ẹ̀ bí ìwọ̀ bá pọ̀ sómi, ẹja tó gbé e á pọ̀. Àwọn olùwádìí náà gbà pé kò dájú pé ti ẹja nìkan ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n rò pé ìjẹun ẹja wà níbẹ̀. Ọjọ́ inú oṣù ni wọ́n sì wọ̀n, kì í ṣe wákàtí inú àtẹ.

Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀nà tí ipa òṣùpá ti hàn jù. Ní Adágún Cahora Bassa ní Mòsáḿbíìkì, Maciej Gliwicz ṣàpèjúwe ohun kan ní 1986 tó yẹ kí gbogbo apẹja mọ̀. Àwọn ẹ̀dá wínníwínní inú omi máa ń sá wọ ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á gòkè wá jẹun bí ilẹ̀ bá ṣú. Ní òru tó tẹ̀ lé àrànmọ́jú, ilẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú. Wọ́n á gòkè. Òṣùpá á wá yọ bá wọn lókè, àwọn sàdíìnì á sì máa ṣà wọ́n jẹ. Bí iye àwọn ẹ̀dá wínníwínní náà ṣe ń wálẹ̀ lóṣooṣù nìyẹn.

Àwọn tó ń fi àtùpà pa sàdíìnì kan náà lórí Adágún Tanganyika àti Kariba ń rí òdìkejì rẹ̀: bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀, àtùpà wọn kò fa ẹja mọ́ra dáadáa, ìpẹja á sì dínkù.

Omi kíkún àti fífà

Ní etíkun, omi máa ń kún jù, ó sì máa ń fà jù, nígbà oṣù tuntun àti àrànmọ́jú. Ẹja grunion ti Kalifọ́níà ń gun iyanrìn wá yé ẹyin ní àwọn òru tó tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó ń pẹja létí òkun á rí àǹfààní lára àtẹ kíkún omi. Inú adágún kò rí bẹ́ẹ̀: ní Adágún Superior, gbígbé omi tí òṣùpá àti oòrùn fà kò tó sẹ̀ǹtímítà 5.

Ọ́ísítà Frank Brown

Ní 1954, Frank Brown, onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí, kó ọ́ísítà, ẹ̀dá inú omi tó ní ìkarahun méjì, láti New Haven létí òkun lọ sí Evanston ní Illinois, ó sì fi wọ́n sínú òkùnkùn. Ó ní lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń ṣí ìkarahun wọn gẹ́gẹ́ bí òṣùpá ti ń kọjá lórí Evanston. Àwọn tó gba Solunar gbọ́ fẹ́ràn ìwádìí yìí gan-an. Ní 1957, LaMont Cole, onímọ̀ ẹ̀dá mìíràn, fi irú ọ̀nà ìṣirò tí Brown lò yẹ nọ́ńbà tí kò ní ètò kankan wò, ó fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ara ẹṣin oníwo kan inú ìtàn ni wọ́n ti wá, ó sì rí ìyípo ojoojúmọ́ nínú wọn.