Ọmọ tí ìwé kò wọ̀ lórí: bí ìdánwò rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1896, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Medical Journal, gbé àkọsílẹ̀ kúkúrú kan jáde nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tí wọ́n pè ní Percy F. Dókítà kan ní ìlú Seaford, W. Pringle Morgan, ló kọ ọ́. Ara ọmọ náà le, ojú rẹ̀ ríran, ó yá nídìí eré, ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe lòun náà ń ṣe, àfi ìwé kíkà. Láti ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, nílé ìwé àti lọ́dọ̀ olùkọ́ àdáni, síbẹ̀ tipátipá ló fi ń ka ọ̀rọ̀ kéékèèké. Morgan pe gbólóhùn kan fún un pé kó kọ ọ́ sílẹ̀, "carefully winding the string round the peg". Ohun tí ọmọ kọ ni "culfuly winder the sturng rond the pag". Orúkọ ara rẹ̀ pàápàá, "Precy" ló kọ, wọ́n sì fi hàn án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó rí i pé òun ti ṣì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó fi 867 sọ 749 di púpọ̀, wéré ló ṣe é, ó sì gbà á. Tísà tó ti kọ́ ọ fún ọdún mélòó kan ní bó bá ṣe pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, òun ni ì bá mọ̀wé jù ní gbogbo ilé ìwé náà.

Mo fẹ́ràn àkọsílẹ̀ yìí, torí pé gbogbo ohun tí àyẹ̀wò òde òní ń wá ló ti wà nínú rẹ̀: ohun tí ọmọ lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe, iye ọdún tí wọ́n ti fi kọ́ ọ, àti ẹ̀rí ẹni tó ń kọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀: kí ni ká wá ṣe fún un?

Àwọn dókítà ló kọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe àwọn tísà. Ní Jámánì, Adolf Kussmaul ti sọ̀rọ̀ lọ́dún 1877 nípa àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn dá ṣáṣá ṣùgbọ́n tí wọn kò lè ka ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ọpọlọ wọn fara pa. Rudolf Berlin, oníṣègùn ojú, ló sọ irú rẹ̀ ní dyslexia. Lọ́dún 1917, James Hinshelwood, oníṣègùn ojú ní Glasgow, kọ ìwé odindi lórí àwọn ọmọ tí wọ́n bí ìṣòro yìí mọ́. Kò yà mí lẹ́nu pé oníṣègùn ojú ni púpọ̀ nínú wọn. Bí ọmọ kò bá lè kàwé, ojú ni òbí kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Ìdánwò gbogbogbòò ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn wá. Òfin ilẹ̀ Faransé ti sọ ilé ìwé di dandan lọ́dún 1882, kíláàsì sì kún fún àwọn ọmọ tí ì bá ti lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ìwé kò wọ̀ wọ́n lórí. Lọ́dún 1904 ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí àwọn ọmọ tó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe, Alfred Binet, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 1905, òun àti Théodore Simon gbé ìdánwò oníṣẹ́ 30 jáde, láti orí èyí tó rọrùn jù dé orí èyí tó le jù. Wọn kò fẹ́ kó jẹ́ pé ohun tó bá ti ẹnu tísà jáde nípa ọmọ ni abẹ gé. Binet tiẹ̀ bínú sí àwọn tó ń sọ pé ọgbọ́n tí wọ́n bá ti bí mọ́ èèyàn kò lè lé sí i mọ́. Ó kú lọ́dún 1911. Nígbà tó di 1916, Lewis Terman ti tún ìdánwò náà ṣe ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, IQ, ìyẹn òdiwọ̀n òye, sì wọlé dé: nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọmọ níwájú orí.

Ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà kan náà, lọ́dún 1925, dókítà ọpọlọ kan, Samuel Orton, sọ̀rọ̀ nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kan tí kò lè kàwé. IQ rẹ̀ jẹ́ 71. Lójú ìdánwò, olódo ni, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Orton jókòó ti ọmọ náà, ó bi í léèrè nípa ẹ̀rọ àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ńbà yẹn kò ṣe ẹ̀tọ́ sí òye rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń béèrè ló jẹ́ ohun tí ọmọ ń rí kọ́ nínú ìwé kíkà. Ẹni tí kò lè kàwé, níbo ni yóò ti rí i?

Àwọn obìnrin ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà wọ kíláàsì. Anna Gillingham àti Bessie Stillman bá Orton ṣiṣẹ́, wọ́n sì to ẹ̀kọ́ kíkà lẹ́sẹẹsẹ, ìró kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọmọ á fojú rí lẹ́tà, á fẹnu pe ìró rẹ̀, á fetí gbọ́ ọ, á fọwọ́ kọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Los Angeles, Grace Fernald ti dá kíláàsì tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1921. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá fẹ́ mọ̀ ni tísà á fi kíréyọ́nnù kọ gàdàgbà sórí bébà. Ọmọ á fi ìka tọ ipa rẹ̀, á máa pè é bó ti ń tọ̀ ọ́, títí yóò fi lè kọ ọ́ láìwo bébà mọ́. Bó bá ṣì í, wọn kì í jẹ́ kó pa lẹ́tà kan rẹ́ kó fi òmíràn rọ́pò. Odindi ọ̀rọ̀ náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Ọ̀nà Fernald yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Samuel Kirk, gbìyànjú ní nǹkan bí ọdún 1930, nílé ìtọ́jú kan nítòsí Chicago tí wọ́n ń kó àwọn ọmọkùnrin aláìgbọràn sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan wà níbẹ̀ tí kò lè kàwé rárá. Bó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó yẹ kí gbogbo wọn ti sùn, ọmọ náà á yọ́ kúrò lórí ibùsùn, àwọn méjèèjì á sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á máa kàwé. Títí tí Kirk fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa ń fi í ṣàwàdà pé òun kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nílé ìwé tàbí nílé ìwòsàn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lòun ti bẹ̀rẹ̀.

Kirk yìí kan náà ló bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní Chicago ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1963. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ tí dókítà kọ̀ọ̀kan ti fún ọmọ wọn. Òmíràn ní ọpọlọ ọmọ fara pa díẹ̀, òmíràn ní ojú ọmọ kì í túmọ̀ ohun tó ń rí dáadáa. Kirk ní orúkọ tí kò sọ ohun tí tísà yóò ṣe kò wúlò, ó sì lo "learning disabilities", ìyẹn ìṣòro nínú ẹ̀kọ́ kíkọ́, fún àwọn ọmọ tí kì í ṣe afọ́jú tàbí adití, tí òye wọn pé, ṣùgbọ́n tí èdè tàbí ìwé kíkà ń bá fà á. Àwọn òbí náà fi orúkọ yẹn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ilé ẹjọ́ náà dá sí i. Ní California, ẹjọ́ kan tó parí lọ́dún 1970 fi hàn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dán àwọn ọmọ tó ń sọ èdè Spanish nílé wò, tí wọ́n sì fi kó wọn sí kíláàsì àwọn tí òye wọn kò pé. Lọ́dún 1979, Adájọ́ Robert Peckham ní kí wọ́n yéé fi IQ kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Láàárín ẹjọ́ méjèèjì ni òfin ńlá Amẹ́ríkà lórí ẹ̀kọ́ àkànṣe dé: Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1975. Òfin náà ní kí wọ́n fi èdè ọmọ dán an wò, kí wọ́n má ṣe fi ìdánwò kan ṣoṣo ṣèdájọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí òbí sì wà níbi tí wọ́n bá ti ń kọ ọ́.

Àmọ́ òfin dára ju ìlànà tó tẹ̀ lé e lọ. Lọ́dún 1977 wọ́n ní kí àlàfo ńlá wà láàárín òye ọmọ àti máàkì rẹ̀ kí wọ́n tó lè kà á mọ́ àwọn tó ní ìṣòro yìí. Ọmọ ọdún méje tó ń kọsẹ̀ nínú ìwé kíkà kò tíì jìn sẹ́yìn tó láti ní àlàfo, torí náà kò sí ìrànwọ́. Ó di ìgbà tó bá fi ọdún méjì mẹ́ta fìdí rẹmi kí ìlẹ̀kùn tó ṣí. Ọmọ tí IQ rẹ̀ kò ga ńkọ́, bí ìwé kíkà bá ń dà á láàmú bákan náà? Wọ́n á ní ó ń ṣe bó ṣe mọ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwádìí fi hàn nígbà tó yá pé ìró inú ọ̀rọ̀ ló ń yọ oríṣi ọmọ méjèèjì lẹ́nu, ẹ̀kọ́ kan náà ló sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní yunifásítì Minnesota, Stanley Deno àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé nǹkan tó rọrùn kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980. Ọmọ á ka ìwé sókè fún ìṣẹ́jú kan, tísà á ka iye ọ̀rọ̀ tó pè bó ṣe yẹ, á sì fi àmì sí i lórí bébà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á tún ṣe é. Bí àwọn àmì náà bá ń wà lábẹ́ ìlà tí wọ́n fà fún ọmọ náà, tísà ni yóò yí ọwọ́ padà, kì í ṣe ọmọ ni wọn yóò bú. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú kan yìí wúlò fún tísà ju gbogbo nọ́ńbà Terman lọ.

Lọ́dún 2004 òfin Amẹ́ríkà ní kí ìpínlẹ̀ kankan má ṣe sọ àlàfo náà di dandan mọ́, ó sì gbà kí wọ́n wo bí ọmọ ṣe ń ṣe sí nígbà tí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa. Lọ́dún 2013, ìwé ìlànà tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dárúkọ àìsàn, DSM-5, yọ àlàfo náà kúrò. Ohun tó ń béèrè nísinsìnyí ni kí ìṣòro náà ṣì wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó kéré tán, nígbà tí wọ́n ti fún ọmọ ní ìrànwọ́ tó bá ìṣòro náà mu. Torí náà, kí olùṣàyẹ̀wò tó gbé ìdánwò rẹ̀ jáde, ó ti ní ìbéèrè fún ilé ìwé: kí lẹ ti kọ́ ọmọ yìí, báwo lẹ ṣe kọ́ ọ, oṣù mélòó lẹ fi kọ́ ọ? Ilé ìwé tí kò bá lè dáhùn, ó yẹ kó padà lọ kọ́ ọmọ náà ná.