Ìjọ̀wọ́ ara ẹni fún Olúwa

Nínú ẹ̀sìn Kírísítì, ìjọ̀wọ́ ara ẹni fún Olúwa ni kí onígbàgbọ́ gbà pé Jésù ló ni òun, kí ó sì fi iṣẹ́, owó, ọ̀rọ̀ ẹnu, ìgbéyàwó àti àkókò rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ Jésù lójoojúmọ́. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ìfarajìn. Bóyá ó yàtọ̀ sí gbígba Jésù gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tàbí inú rẹ̀ ló wà, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnu àwọn onímọ̀ ò tíì kò lé lórí.

Olúwa àti ẹrú

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà kyrios, tí Bíbélì túmọ̀ sí "Olúwa", ni òpómúléró ẹ̀kọ́ yìí. Láyé ìjọba Róòmù, ẹni tó ni oko, olórí ilé, àti ẹni tó fowó ra ẹrú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀dà Septuagint, ìyẹn Májẹ̀mú Láéláé tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́, tí àwọn Kírísítẹ́nì tọ́jú, ọ̀rọ̀ kan náà ló dúró fún orúkọ Ọlọ́run. Ìtumọ̀ méjèèjì ló ṣeé ṣe kó wà lẹ́nu ẹni tó bá sọ pé "Jésù ni Olúwa" (Róòmù 10:9, 1 Kọ́ríńtì 12:3).

Ẹnìkejì kyrios ni doulos, ìyẹn ẹrú, orúkọ tí Pọ́ọ̀lù sì pe ara rẹ̀ nìyẹn ní Róòmù 1:1. Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ Bíbélì sọ ọ́ di "ìránṣẹ́", bóyá láti dín kíkorò rẹ̀ kù, àmọ́ agbára ọ̀rọ̀ náà dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ìránṣẹ́ lè gba ìsinmi. Ẹrú ò ní wákàtí kankan tó lè pè ní tirẹ̀. Ohun tó wà nídìí 1 Kọ́ríńtì 6:19–20 nìyẹn, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé wọn kì í ṣe ti ara wọn, a ti rà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ "jọ̀wọ́ ara" ń mú ojú ogun wá sọ́kàn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun tó wá túúbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe tí Pọ́ọ̀lù lò ní Róòmù 6:13 àti 12:1 ni paristēmi, tó túmọ̀ sí kí á gbé nǹkan wá síwájú ẹni kan. Ní orí 12, ẹbọ ni àwòrán náà: onígbàgbọ́ gbé ara rẹ̀ wá síbi pẹpẹ fúnra rẹ̀. Àmọ́ ẹbọ ààyè ni, kì í sì í parí lọ́jọ́ kan.

"Lójoojúmọ́"

Máttéù 16:24, Máàkù 8:34 àti Lúùkù 9:23 ló sọ nípa gbígbé àgbélébùú, ṣùgbọ́n Lúùkù nìkan ló fi "lójoojúmọ́" kún un. Àwọn ẹ̀dà àfọwọ́kọ kan kò ní ọ̀rọ̀ náà. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé Ìhìn Rere Máàkù ló ṣáájú, wọ́n rò pé Lúùkù ló fi kún un. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àyípadà kékeré tó lágbára ni: ẹni tó bá gbé àgbélébùú láyé ìgbà náà kì í padà wálé mọ́, ṣùgbọ́n Lúùkù ní kí á tún gbé e lọ́la.

Jákọ́bù 4:13–15 mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò tó ń ṣètò ọdún kan gbáko ní ìlú mìíràn, ó ní kí wọ́n máa sọ pé "Bí Olúwa bá fẹ́". Àdúrà "Ìfẹ́ tìrẹ ni kí á ṣe" (Máttéù 6:10) bá èyí tí Jésù gbà ní Gẹtisémánì mu.

Nínú ìtàn

Ní ọ̀rúndún kejì, wọ́n ní kí Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Smyrna, sáà sọ pé "Késárì ni Olúwa" kí ó sì rúbọ. Ó kọ̀, wọ́n sì pa á. Ìdáhùn àkọ́kọ́ nínú Katikísìmù Heidelberg (1563), ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì fi ń kọ́ni ní ìgbàgbọ́, ni pé onígbàgbọ́ kì í ṣe ti ara rẹ̀. John Wesley bẹ̀rẹ̀ ìsìn ìsọdọ̀tun májẹ̀mú, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń tún ara wọn jọ̀wọ́ fún Ọlọ́run, láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní 1755. Ní 1934, Ìkéde Barmen, tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó ta ko ipa ìjọba Násì nínú ìjọ ṣe, kọ̀ ọ́ ní Jámánì pé apá kan wà nínú ìgbésí ayé tí kò sí lábẹ́ Jésù Kírísítì.

Àríyànjiyàn

Ìjọ Kátólíìkì dá Miguel de Molinos, àlùfáà ọmọ Sípéènì, lẹ́bi ní 1687, nítorí wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ ìjọ̀wọ́ ara di kí ènìyàn káwọ́ gbera láìsapá rárá.

Láàárín àwọn ajíhìnrere ní Amẹ́ríkà, ìjà mìíràn gbóná ní àwọn ọdún 1980. Oníwàásù John MacArthur ní ìgbàgbọ́ tí ń gbani là kò lè ṣàìní ìtẹríba fún Jésù gẹ́gẹ́ bí Olúwa. Zane Hodges àti Charles Ryrie, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì, ní bí ìtẹríba bá di dandan, oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Ìtumọ̀ kyrios ni wọ́n tún padà sí: Ryrie ka "Olúwa" inú Róòmù 10:9 sí ẹ̀rí pé Ọlọ́run ni Jésù, MacArthur ní ọ̀gá tó gbọ́dọ̀ pàṣẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.