Ẹ má gbé ológbò yẹn lọ: ohun tí etí gígé jẹ́ ní erékùṣù Gíríìsì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Ermoupoli, olú-ìlú erékùṣù Syros ní ilẹ̀ Gíríìsì, ológbò kan ló ṣáájú gbogbo èèyàn kí mi káàbọ̀. Funfun ni, àmọ́ orí àti ìrù rẹ̀ dúdú. Ó jókòó sórí àwọ̀n tí àwọn apẹja kó jọ sí etí èbúté. Bí mo ṣe lóṣòó báyìí, ó na ìrù sókè ṣánṣán, ó rìn wá, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbo ojúgun mi, ó sì ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan. Ìgbà tí mo fọwọ́ pa á lórí ni mo rí i pé ṣóńṣó etí rẹ̀ òsì kò sí níbẹ̀. Kò jọ ibi tí ajá já jẹ. Ó gún régé, bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ gé e. Àyà mi já. Ta ló ṣe irú ìkà yìí sí ẹran tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀? Mo gbé e mọ́ra, mo gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá tí mo gbà, mo ti ilẹ̀kùn, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wá dókítà ẹranko lórí fóònù.

Kò tíì tó wákàtí kan tí màmá onílé fi kanlẹ̀kùn. Wọ́n ti gbọ́ igbe rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ológbò, wọ́n ní, “Paidí mou,” ìyẹn “ọmọ mi” ní èdè wọn, “ó fẹ́ lọ sílé ni.” Mo na ìka sí etí tí wọ́n gé. Màmá fi ìka méjì ṣe bí àlùmọ́gàjí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, “Dókítà ló gé e. Kò ní bímọ mọ́.”

Èrò tí mo gbé dé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ń gbé dé ibẹ̀: pé ológbò tó bá ń fara mọ́ èèyàn lójú títì, tí kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀, ẹnì kan ló já a sílẹ̀, pé ebi ló ń lé e kiri, pé bí èèyàn bá fẹ́ràn ẹranko lóòótọ́, ṣe ló yẹ kó gbé e kúrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá wá rí etí gígé, ó parí, wọ́n gbà pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Òdì pátápátá ni. Etí yẹn ni àmì pé ẹnì kan ti náwó àti àkókò lórí ológbò náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á gbé páńpẹ́ onírin kalẹ̀, wọ́n á fi ẹja díẹ̀ sínú rẹ̀, ológbò á wọlé, ilẹ̀kùn á pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Wọ́n á fún un ní oògùn tó máa fi sùn fọnfọn. Bó bá jẹ́ akọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Bó bá jẹ́ abo, wọ́n á la inú rẹ̀, wọ́n á ṣe é tí kò fi ní lóyún mọ́. Kó tó jí ni dókítà á gé bíńtín kúrò lórí ṣóńṣó etí kan. Níbòmíràn, wọ́n kàn máa ń fá igun kékeré kan yọ létí etí ni. Tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, wọ́n á dá a padà sí ojúkò tí wọ́n ti mú un gan-an.

Kí ló dé tó jẹ́ etí? Ológbò mẹ́wàá lè wà ní ẹ̀yìn ilé oúnjẹ kan, kí wọ́n jọra bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn, kí mẹ́fà nínú wọn má sì jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kan àwọn. Ẹni tó ń gbé páńpẹ́ kiri ní láti mọ̀ láti òkèèrè èyí tí wọ́n ti ṣe tiẹ̀. Ẹ ronú nípa abo kan tí kò ní àmì: wọ́n á tún mú un, wọ́n á tún fi oògùn kùn ún lóorun, dókítà á sì tún la inú rẹ̀ kó tó rí i pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀ tipẹ́. Etí gígé ló ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀bẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ní Syros, torí pé èmi gan-an ti ń bínú sí ẹni tó ṣe é.

Iṣẹ́ abẹ yẹn kì í sì í ṣe àṣejù. Abo ológbò lè lóyún ní ọmọ oṣù mẹ́rin. Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ. Ó lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì tún ti lóyún kí àwọn ti ìṣáájú tó fi ọmú sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, tó máa ń bọ́ sí àárín ọdún, oúnjẹ pọ̀ ní erékùṣù, nítorí àwọn àlejò kún gbogbo tábìlì etí òkun. Tó bá ti kọjá Oṣù Kẹwàá, àlejò á lọ, ọkọ̀ ojú omi á dín kù, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ á kógbá sílé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàárín ìgbà ọ̀pọ̀ yẹn ni ọ̀wọ́n máa ń bá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí bó ṣe ń fara mọ́ èèyàn, torí ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ òdì yìí ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. A máa ń rò pé ológbò tó bá ti ń wá èèyàn bẹ́ẹ̀, kò ní ẹnì kankan ni. Ọmọ ológbò ní sáà kan tí ọkàn rẹ̀ máa ń ṣí sí èèyàn, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí ọ̀sẹ̀ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Bí ọwọ́ èèyàn bá ń kàn án lásìkò yẹn, tó ń gbọ́ ohùn èèyàn, tó ń gbọ́ òórùn wa mọ́ ti oúnjẹ, á mú wa ní ọ̀rẹ́. Bí kò bá rí èèyàn nígbà yẹn, ó ṣòro púpọ̀ kó tó lè fọkàn tán wa mọ́. Nítorí náà, èyí tó dìde lórí àwọ̀n tó wá gbo ojúgun àjèjì, ẹnì kan ti gbé e mọ́ra rí nígbà tó wà ní kékeré. Ìrù tó nà sókè yẹn, ìkíni ni láàárín àwọn ológbò fúnra wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo tọ ológbò tèmi lẹ́yìn. Àwọn apẹja ń pè é ní Aspri, ìyẹn Funfun. Màmá onílé mi ń pè é ní Koukla, Ọmọlángidi. Ó ní àwo lọ́dọ̀ wọn, ó ní àwo lọ́dọ̀ àwọn apẹja, ó sì ń sùn sí abẹ́ àtẹ̀gùn ilé kẹta. “Psi psi psi” ni gbogbo wọn fi ń pè é. Àwọn ará Gíríìsì ní ọ̀rọ̀ kan fún irú ẹran bẹ́ẹ̀, adéspoto, tó túmọ̀ sí èyí tí kò ní ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣi àlejò lọ́nà. Ní àdúgbò, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu màmá ni gáta tis gitoniás, ológbò àdúgbò. Kò ní ọ̀gá kan ṣoṣo lóòótọ́, àmọ́ ó ní ará ilé.

Òfin náà kò sì fojú pa wọ́n rẹ́. Òfin 4830 tí Gíríìsì ṣe ní ọdún 2021 gbé e lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa kó àwọn ẹran wọ̀nyí, kí wọ́n tọ́jú wọn, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn fún wọn, kí wọ́n ki ẹ̀rọ ìdánimọ̀ bíńtín bí hóró ìrẹsì sábẹ́ awọ wọn, kí wọ́n sì dá wọn padà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ru èyí tó wúwo jù nínú ẹrù náà. Láti Syros yìí kan náà ni ìkéde iṣẹ́ kan ti tàn ká ayé ní 2018: ibùdó kan tó ń jẹ́ God’s Little People Cat Rescue ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ológbò bíi 55, pẹ̀lú ilé àti owó oṣù.

Àjọṣe èèyàn àti ológbò ní ìhà òkun yẹn ti pẹ́ kọjá ohun tí a lè rò. Ní 2004, àwọn awalẹ̀pìtàn kéde sàréè kan ní Cyprus tó ti tó nǹkan bí ọdún 9,500, tí wọ́n sin èèyàn kan sí, tí wọ́n sin ológbò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ológbò kì í ṣe ẹran ìbílẹ̀ erékùṣù yẹn. Èèyàn ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Àwọn ará Gíríìsì máa ń sọ pé bí ológbò kò bá sí nílé, ijó ni eku ń jó. Nígbà tí mo sọ fún màmá pé àwa náà ní, bí ológbò bá ti jáde, ilé á di ilé èkúté, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Àwa Yorùbá tún ní ìbẹ̀rù tiwa. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n tọ́ dàgbà pé ẹran àjẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ lọ kò jẹ́ jókòó sí tábìlì tí ológbò bá wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn ní kó wo bí ọmọdé ibẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ẹran náà láàárọ̀ láìsí ohun tó ṣe wọ́n. Ti àrùn ló yẹ ká fara balẹ̀ sọ. Àrùn dìgbòlugi kò sí ní Gíríìsì láti 1987 títí di 2012, ọdún tí wọ́n tún rí i lára kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní ìhà àríwá, lórí ilẹ̀ gbalasa tí kì í ṣe erékùṣù. Wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú da oúnjẹ tó ní àjẹsára sínú igbó nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, bí ológbò bá gé ẹ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà, torí eyín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń ti kòkòrò wọ inú ẹran ara lọ. Kí aláboyún yẹra fún ìgbẹ́ rẹ̀, kó sì máa fọwọ́.

Ẹ má fún wọn ní mílíìkì. Inú ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà kì í lè dà á, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Omi ni kí ẹ bù sí àwo fún wọn, nítorí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ rárá ní àwọn erékùṣù yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá rí ọmọ ológbò tó dá wà nínú ihò ògiri, ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ dúró fún wákàtí díẹ̀. Ìyá rẹ̀ lè ti wá oúnjẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àlejò ń gbé lọ ní “aláìníyàá” ni ìyá wọn ń padà wá bá ihò tó ṣófo. Lóòótọ́, àwọn kan wà tí wọ́n já sílẹ̀ ní tòótọ́. Irú wọn sábà máa ń rù, irun wọn á ti dì, wọ́n á máa ké kiri bí ẹni tó sọnù. Ẹ bi ẹni tó ni ìsọ̀ tó sún mọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Kò sì rọrùn láti kàn kó o sínú báàgì lọ. Kó tó kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù tàbí Bìrìtéènì, ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ bíńtín yẹn lábẹ́ awọ, kó ti gba àjẹsára dìgbòlugi lẹ́yìn tó pé ọ̀sẹ̀ 12, kí ọjọ́ 21 sì ti kọjá lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà tí ìta kò gbà wọ́n mọ́ nítòótọ́: afọ́jú, arọ, arúgbó. Àwọn tó ń tọ́jú wọn máa ń rí ilé fún wọn lókè òkun, ohun tí wọ́n sì ń wá lójú méjèèjì ni arìnrìn-àjò tí wọ́n lè fi ẹran náà sí orí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èmi náà bá wọn mú ọ̀kan dé Jámánì nígbà tí mo ń padà. Ojú kan ló ní, wọ́n sì ti gé etí rẹ̀. Kò kùn, kò ké, ó kàn fi ìmú ti ihò àgò rẹ̀ títí a fi balẹ̀. Obìnrin kan ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn àbájáde, aṣọ ìbora kékeré kan wà lápá rẹ̀.