Omi òkun tó ń di ásíìdì àti ọmọ ẹja cod

Omi òkun ò tíì di ásíìdì gan-an o, pH ẹ̀ (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe ní ásíìdì tó, tó bá wálẹ̀ ju 7 lọ ni omi di ásíìdì) ṣì ju 7 lọ, àmọ́ ó ń sún lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látìgbà táwọn èèyàn ti ń jó kóòlù, epo àti gáàsì. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin CO2, gáàsì tó ń jáde nígbà tá a bá jó wọn, tá à ń tú sáfẹ́fẹ́ ló ń wọnú òkun lọ di ásíìdì níbẹ̀, pH ojú omi sì ti wálẹ̀ láti bíi 8.2 sí 8.1 látìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀. Ó jọ pé ó kéré, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka pH, ìyẹn ni pé hydrogen ion, ohun tó ń sọ omi di ásíìdì, ti fi bíi 30% lé sí i nínú omi. Omi tútù ló máa ń gba CO2 jù, torí ẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ṣe kan cod gan-an, ẹja Àríwá Atlantic tí wọ́n ń sá gbẹ ní Lofoten ní Norway tó ń di stockfish tá à ń sè lọ́bẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹja àgbà ní gílì tó fi ń mí, òun náà ló fi ń lé ásíìdì tó bá pọ̀ jù lára ẹ̀ jáde. Ẹyin ò ní gílì. Ọmọ cod tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tó gùn tó bíi 4 mm péré, òun náà ò tíì ní, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lára awọ ẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́ yẹn títí gílì á fi dàgbà, ibẹ̀ gan-an lewu wà.

Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó tọ́ ọmọ cod nínú omi tí CO2 pọ̀ sí ní Norway rí i pé ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ojú àti ìfun wọn bà jẹ́. CO2 tí wọ́n lò yẹn ga fíìfíì ju ti òkun òní lọ ṣá, ó sì yẹ kéèyàn rántí ìyẹn, pàápàá torí pé lọ́dún 2013 àyẹ̀wò míì lórí cod òkun Baltic ò rí ìpalára kankan fún ẹyin àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Àyẹ̀wò tó wúwo jù lójú tèmi ni ti 2016: wọ́n mú cod ìwọ̀ oòrùn Baltic àti ti òkun Barents, wọ́n tọ́ ọmọ wọn nínú omi tí CO2 ẹ̀ tó bíi 1,100 microatmosphere (òṣùwọ̀n CO2 inú omi), irú èyí tó lè wà ní ìparí ọ̀rúndún yìí tá ò bá dín in kù, iye ọmọ tó ń kú lójúmọ́ sì di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 25 àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀, ẹja tuntun tó máa dàgbà kún agbo wálẹ̀ sí 8% iye tòní fún agbo kan, 24% fún èkejì.

Kì í ṣe gbogbo ẹja ló ń rí bẹ́ẹ̀ o. Ní Gullmar Fjord ní Sweden, ọmọ herring tó yè pọ̀ sí i nínú omi tí CO2 pọ̀ sí, torí oúnjẹ wọn náà pọ̀ sí i. Ti clownfish, ẹja kékeré kan ní Ọsirélíà, tí wọ́n ní òórùn ọ̀tá ò lè lé e mọ́ nínú omi tí CO2 pọ̀ sí, àríyànjiyàn ńlá ló dá sílẹ̀, àyẹ̀wò kan lọ́dún 2020 lórí àwọn ẹja míì ò rí irú ẹ̀.

Fún cod, ooru tún ń dá kún un. Ásíìdì ń dín ìwọ̀n ooru tí ẹyin lè fara dà kù, àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ lọ́dún 2018 sì ní tí ayé bá gbóná ju 1.5°C lọ, cod máa pàdánù díẹ̀ lára ibi tó ti ń yé ẹyin.