Bí “Chinaman” Ṣe Di Èébú

Ẹni tó bá ṣí ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ti nǹkan bí 1850 yóò máa rí “Chinaman” níbi tí ti òde òní ti ń kọ “Chinese”. Kò sí ẹ̀gàn kan pàtó nínú rẹ̀ nígbà náà. Ní 1852, nígbà tí John Bigler, gómìnà California, sọ̀rọ̀ òdì sí àwọn ọmọ Ṣáínà, Hab Wa àti Tong A-chick fèsì fún un láti San Francisco. Lẹ́tà wọn jáde gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà àwọn “Chinamen”, kò sì sẹ́ni tó kà á sí èébú.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ní pejoration: ọ̀rọ̀ tí kò ní àbùkù tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àbùkù, nítorí ẹnu tó ń sọ ọ́ àti ìwà tó ń bá a rìn.

Ìwà náà kò sì kéré. Ní 1853, George Hall, aláwọ̀ funfun kan ní California, pa awakùsà ọmọ Ṣáínà tó ń jẹ́ Ling Sing. Àwọn ọmọ Ṣáínà jẹ́rìí, wọ́n sì dájọ́ ikú fún Hall. Ní 1854, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn. Òfin ti sọ tẹ́lẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú tàbí “Indian”, ìyẹn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí ta ko aláwọ̀ funfun. Hugh Murray, adájọ́ àgbà, ní òfin náà de ọmọ Ṣáínà pẹ̀lú. Ẹ rò ó wò. Èèyàn lè pa ọmọ Ṣáínà lójú ogún ọmọ Ṣáínà, kó sì gba ilé rẹ̀ lọ, bí kò bá ti sí aláwọ̀ funfun kan níbẹ̀ tó máa jẹ́rìí.

Lẹ́yìn náà ni ojú irin tó la Amẹ́ríkà já, tó parí ní 1869. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ṣáínà ló fọ́ àpáta Sierra Nevada kó tó ṣeé ṣe. Síbẹ̀, orúkọ olórí ikọ̀ wọn nìkan ló sábà ń wà nínú ìwé owó iléeṣẹ́ náà. Nínú ìwé ìròyìn, “John Chinaman” ni gbogbo wọn, bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn. Ní 1882, òfin ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà, kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1943. Ní 1885, àwọn awakùsà aláwọ̀ funfun pa ọmọ Ṣáínà 28 ní Rock Springs, Wyoming. Wọn kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Abájọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń sọ pé ẹni tí kò nírètí rárá kò ní “Chinaman's chance”.

Àwọn kan máa ń bi wá pé, ṣebí “Englishman” kò burú, kí ló dé tí èyí fi burú? Ìdáhùn mi ni pé kò sí òfin tó lé “Englishman” kúrò nílùú, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ń fi gírámà gbè é lẹ́sẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ gan-an.

Nínú eré kírikẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà pẹ́ gan-an. Àwọn tó ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù kan báyìí ni wọ́n ń fi í pè. Ìtàn tí wọ́n sábà ń sọ ni ti Ellis Achong, ọmọ Trinidad tí ìran rẹ̀ wá láti Ṣáínà, tó lé ará England kan jáde ní Manchester ní 1933, tí ìyẹn sì fi ìbínú pè é ní “Chinaman”. Àmọ́ wọ́n ti ń lò ó ṣáájú ọdún yẹn. Ní 2018 ni Wisden, ìwé ọdọọdún eré náà, pa á tì. “Oriental”, ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n fi ń pe àwọn ará Éṣíà, náà ti kúrò nínú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní 2016, nígbà tí Obama fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, “Chinko” ń tọ ọ̀nà kan náà bọ̀. Fóònù tí kò ní pẹ́ bàjẹ́ ni wọ́n fi ń pè, wọ́n sì ń fi pe èèyàn báyìí. Èmi kì í lò ó. “Ará Ṣáínà” ti wà lẹ́nu wa, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.